Ẹni Tí Yóò Jókòó Tì Í

1

…kò ní san, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí máa retí pé yóò san. Ohun tí Nọ́ọ̀sì wí nìyẹn nígbà tí ó wẹ ọwọ́ rẹ̀ tán, tí ó ń gbọn omi rẹ̀ dànù. Àbígbẹ̀yìn ọmọ Bàbá ni ó ń bá sọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá Bàbá ni wọ́n dúró sí, ilẹ̀kùn sì wà ní títì.

"Egbò tí yóò jiná, wíwò là ń wò ó," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Èyí tí kò ní jiná, bíbá gbé là ń bá a gbé, bí ayálégbé tí kò gbọ́ lílé. Kí ó má dun Bàbá. Kí ó má rùn. Kí omi ara rẹ̀ má ba aṣọ jẹ́. Bí ọwọ́ wa bá tẹ èyí, a ti ṣe bẹbẹ."

"Ìka mẹ́rin ni ẹ nà sókè, mà. Mẹ́ta ni ẹ kà."

Nọ́ọ̀sì wo ìka rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó ní kí àwọn jáde sí ẹ̀yìnkùlé.


2

Ì K É D E
(a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá Bàbá)

Ẹ WẸ ỌWỌ́ YÍN
Ẹ MÁ FI LỌ́FÍŃDÀ PARA WÁ SÍBÍ
Ẹ MÁ YÍNMÚ
BÀBÁ Ń WÒ YÍN

Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Àbígbẹ̀yìn ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni ó tẹ ìkéde náà ní lẹ́tà gbàǹgbà tí arúgbó lè kà láìlo awò. Nísàlẹ̀ rẹ̀, Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: *Ẹni tí ó bá rú òfin yìí, káàdì pupa. Rẹfirí.*

Rẹfirí ni gbogbo àdúgbò ń pe Bàbá. Ó ti ń fọn fèrè lórí pápá bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú títí ó fi funfun, wọ́n sì ti bú u ní gbogbo ọ̀nà tí a fi ń bú ọmọ ènìyàn. Òun fúnra rẹ̀ a máa wí pé kò sí ojú ẹni tí ó tún lè já òun láyà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, imú ẹni náà ni Bàbá kọ́kọ́ máa ń wò.


3

Jẹjẹrẹ ni. Ọrùn lápá òsì, nísàlẹ̀ etí, ni ó ti yọ bí kókó. Kókó náà là bí òdòdó tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Láti ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì ti ń wá sílé láti pààrọ̀ báńdéèjì, tí ó sì ń kọ́ Àbígbẹ̀yìn kí ó lè máa ṣe é ní ọjọ́ tí òun kò bá wá.

BÀBÁ: Láísímáànù, o ti gbé àsíá rẹ dé.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ti dé, sà. Ẹ kú ìsinmi. Ṣé ẹ ti lo oògùn ìrora?

BÀBÁ: Atẹ̀wé yìí ti fún mi. Ó dúró tì mí bí ẹni tó ń ṣọ́ olè, àfìgbà tí mo gbé e mì.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ jẹ́ kó wọ ara yín kí n tó fọwọ́ kàn yín.

BÀBÁ: Ìyẹn ni pé a ò tíì fọn fèrè.

NỌ́Ọ̀SÌ: A ò tíì fọn ọ́n. Àbígbẹ̀yìn, da omi iyọ̀ sí i. Jẹ́ kó rin dáadáa.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ó ti lẹ̀ mọ́ ọn níbí, mà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Tún da omi sí i. Má fà á. Gọ́ọ̀sì tó bá gbẹ, bó o bá fà á, ẹran lo fà.

BÀBÁ: Ẹran náà wà níbí o. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ.

*(Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì lọ oògùn oníhóró kan kúnná, ó bù ú wọ́n ojú egbò, nítorí òórùn.)*

BÀBÁ: Ṣé ó ń rùn?

*(Àbígbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wá àlùmọ́gàjí tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀.)*

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó ń rùn, sà. Ṣùgbọ́n kò tó ti ìjẹta.

BÀBÁ: O ṣeun. Ìwọ nìkan lo máa ń gbé àsíá sókè bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá ilà. Àwọn tó kù, ojú sánmà ni wọ́n ń wò.


4

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀jẹ̀.


5

"Egbò náà ń jẹ lọ síhà iṣan ńlá tí ó gba ọrùn kọjá," ni Nọ́ọ̀sì wí lábẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. "Ó lè má dé ibẹ̀ láéláé. Ó sì lè débẹ̀ bí ẹ bá jọ ń jẹun lọ́wọ́. Bí ó bá débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò ya lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí dókítà tí yóò lè dí i. Gbígbé e sáré kiri yóò kàn mú kí ó kú sínú ọkọ̀ ni."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Jókòó."

Àbígbẹ̀yìn ń dúró kí ó sọ ìyókù.

"Jókòó tì í. Má sáré, má kígbe, má gbé e. Tẹ aṣọ mọ́ ọrùn rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ojú rẹ wà níbi tí ojú rẹ̀ bá wà. Kò ní pẹ́." Ó fa aṣọ ìnura méjì yọ nínú báàgì rẹ̀. Wọ́n dúdú bí kóró iṣin.

"Èé ṣe tí wọ́n fi dúdú?"

"Ẹ̀jẹ̀ kì í pupa lórí dúdú. Yóò kàn dà bí aṣọ tí ó tutù ni. Kò yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́ ohun tí yóò dẹ́rù bà á gbẹ̀yìn láyé."

"Ṣé Bàbá mọ̀?"

"Ìwọ ni ó yẹ kí n bi. Èmi kì í fi tipátipá sọ ọ́ fún ẹni tí kò bèèrè. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi mí, n kò ní purọ́ fún un. Kí o yáa mọ ìyẹn."


6

*(Ọ̀rọ̀ tí Àbígbẹ̀yìn àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Dáwódù ilé, fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Panápaná ni Dáwódù, ìlú mìíràn ni ó sì ń gbé.)*

— Má sọ fún un.

— Ara rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi.

— A kì í sọ fún ẹni tó há sókè pé àkàbà ti jóná. Àkàbà mìíràn là ń gbé wá.

— Bí kò bá sí àkàbà mìíràn ńkọ́?

— Mò ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Má sọ fún un. Má sọ fún Ìyá Kékeré náà, ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí.

— Ẹ dá mi lóhùn. Bí kò bá sí ńkọ́?

*(Dáwódù ti kà á.)*


7

Ìyá Kékeré kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó yẹ kí a kọ ìyẹn sílẹ̀ kí a tó sọ ohun tí ó ṣe. Àbúrò Bàbá ni, ọmọ ìyá kan náà. Ó pa ilé tirẹ̀ tì láti wá máa se oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè gbé mì, ó ń fọ aṣọ tí ẹlòmíràn ì bá sun níná.

ÌYÁ KÉKERÉ: Ta ló kó aṣọ ọ̀fọ̀ sórí àga yìí?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Aṣọ ìnura ni, mà. Nọ́ọ̀sì ló mú un wá.

ÌYÁ KÉKERÉ: Dúdú báyìí? Ẹni tó ṣì ń jẹun, tó ń fi gbogbo wa ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ti ń ká aṣọ òkú dè é?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí, mà.

ÌYÁ KÉKERÉ: Báwo ló ṣe wá rí?

*(Àbígbẹ̀yìn wo ìhà bẹ́ẹ̀dì.)*

ÌYÁ KÉKERÉ: Ìwọ ọmọ yìí, mo ń bi ọ́ léèrè.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Nọ́ọ̀sì ní kó wà níbẹ̀.

ÌYÁ KÉKERÉ: Nọ́ọ̀sì! Ṣé òun la jọ mu ọmú kan náà ni, àbí èmi?

Yàrá Bàbá gan-an ni wọ́n wà. Bàbá di ojú rẹ̀ bí ẹni tí ó ń sùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sùn kì í dá èémí dúró láti gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ Dáwódù sì wà nínú àpò Àbígbẹ̀yìn. Ó gbé omi ìdọ̀tí, ó jáde.


8

Nítorí náà, Ìyá Kékeré kó àwọn aṣọ dúdú náà dànù ní ọjọ́ yẹn gan-an.

Rárá. Ẹ jẹ́ kí a tún un tò. Ní ọjọ́ yẹn, ó kàn pòṣé ni. Ọjọ́ tí Dáwódù yóò dé ni ó tún yàrá ṣe: ó yí bẹ́ẹ̀dì kọjú sí fèrèsé, ó tẹ́ aṣọ tuntun, ó sì ká aṣọ ìnura tuntun sórí àga, funfun báláú. Àwọn dúdú, ó fún obìnrin tí ń fọ àtẹ̀gùn ilé kejì. Ó ń kọrin bí ó ti ń ṣe é. Ó fẹ́ kí ọmọ bá bàbá rẹ̀ nínú yàrá alààyè.

Àbígbẹ̀yìn wà níbi iṣẹ́, ó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí ó padà dé, ilé ti kún fún ẹ̀rín, kò sì wo àga.


9

*Ohun tí Ìyá Kékeré rí.* Oúnjẹ ọ̀sán ni. Gbogbo wọn wà ní yàrá Bàbá, àwo lórí itan. Dáwódù ń sọ ti ológbò kan tí ó há sórí igi, tí ọ̀gá wọn gun àkàbà lọ mú. Ológbò bẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀gá ni kò lè sọ̀ mọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín di ikọ́. Ikọ́ di nǹkan mìíràn.

*Ohun tí Dáwódù rí.* Pupa. Lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ní ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti wà lójú títì. Kò mọ bí ó ṣe débẹ̀.

*Ohun tí Àbígbẹ̀yìn rí.* Ó na ọwọ́ sí àga láti mú dúdú. Funfun. Ó wá abẹ́ rẹ̀. Funfun. Ó mú funfun náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn. Ó wá ojú Bàbá. Ojú Bàbá kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ara aṣọ ni ó wà.

*Ohun tí Bàbá rí.*

          funfun

          pupa

          pupa

          ẹ̀yìn Dáwódù


10

Ẹ̀jẹ̀ náà dá. Kò sí ẹni tí ó dá a dúró. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dá. Kí ó tó dá, Dáwódù ti padà wọlé, ó ti ki apá bọ abẹ́ Bàbá láti gbé e lọ sínú ọkọ̀. Àbígbẹ̀yìn, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní ọrùn, fi orí kàn án láyà títí ó fi fà sẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì wí lórí fóònù pé irú èyí máa ń ṣíwájú nígbà mìíràn. Ìránṣẹ́ ni. Ọ̀gá rẹ̀ lè wà lẹ́yìn.


11

*(Ilé ìdáná.)*

ÌYÁ KÉKERÉ: Panápaná! Ẹni tó ń fò wọnú iná, ẹ̀jẹ̀ lé e dé títì.

DÁWÓDÙ: Mo lọ gbé ọkọ̀ ni, Ìyá Kékeré.

ÌYÁ KÉKERÉ: Kí ọkọ̀ náà gbọ́.

DÁWÓDÙ: Iṣẹ́ mi nìyẹn! Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, sáré, gbé e, jáde. Wọn ò kọ́ mi ní òmíràn.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ta ló kó aṣọ dúdú?

*(Ìyá Kékeré ṣí ìkòkò, ó tún dé e.)*

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Mo ní ta ló kó o?

ÌYÁ KÉKERÉ: Èmi ni. Ẹ pa mí. Ṣé ẹnì kan sọ ohun tó wà fún létí mi?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Kí Bàbá má baà rí i ni! Kí ó má baà rí pupa! Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi, ó mọ̀. Òun ló ní kí n panu mọ́.

ÌYÁ KÉKERÉ: Dáwódù. O mọ̀ pé èyí ń bọ̀?

DÁWÓDÙ: Mo rò pé…

ÌYÁ KÉKERÉ: O mọ̀, o jẹ́ kí n máa fi funfun ṣe ọ̀ṣọ́?

BÀBÁ *(láti yàrá, ohùn rẹ̀ há)*: Ilé yìí ò ní ògiri o! Bí rédíò ni mo ń gbọ́ yín.


12

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé, Bàbá ní kí gbogbo wọn wọlé.

BÀBÁ: Láísímáànù. Èyí tó ṣẹlẹ̀ yìí, ṣé òun náà nìyẹn, àbí ó ṣì ń bọ̀?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ṣé kí n dá yín lóhùn níwájú wọn?

BÀBÁ: Níwájú wọn gan-an.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó lè má bọ̀ mọ́, sà. Bó bá bọ̀, yóò ju èyí lọ. A ò ní lè dá a dúró.

*(Dáwódù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.)*

BÀBÁ: Yóò dùn mí?

NỌ́Ọ̀SÌ: Kì í dunni. Ó máa ń rẹni ni, bí oorun. Ẹ̀rù ló máa ń bani. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ jókòó tì yín.

BÀBÁ: Ta ni?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ti kọ́ Àbígbẹ̀yìn.

BÀBÁ: Rárá.


13

"Dáwódù ni kí o kọ́," ni Bàbá wí.

Ó dà bí ẹni pé wọ́n tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn Àbígbẹ̀yìn. Òun ni ó ti ń da omi iyọ̀. Òun ni ó ti kọ́ láti mí láti ẹnu kí imú má baà dalẹ̀. Ó dúró títí àwọn yòókù fi jáde.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wà níbẹ̀. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n."

"Ta ló sọ pé o kò mọ̀ ọ́n? Ìwọ lo tẹ ọrùn mi tí mo fi wà níhìn-ín. Gbọ́. Rẹfirí tó bá fi fèrè ba eré ńlá jẹ́, bí wọn ò bá fún un ní eré mìíràn, eré yẹn ni yóò máa fọn títí yóò fi kú. Mo mọ irú wọn. Wọn kì í sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti kọ ẹ̀yìn sí mi. Bí mo bá lọ báyìí, kò ní kọjú sí ẹnikẹ́ni mọ́."

"Bó bá tún sá ńkọ́? Ẹ̀yin nìkan ni yóò kù."

Bàbá gbé ojú sí àjà.

"Bó bá tún sá," ni ó wí, "a jẹ́ pé mo ṣì í pè. Wọ́n ti bú mi nítorí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àbígbẹ̀yìn jáde, ó lọ fọ àwo tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹun.


14

Ìrọ̀rí ni Nọ́ọ̀sì fi ṣe ọrùn.

Ó mú aṣọ dúdú mìíràn wá. Ìyá Kékeré fúnra rẹ̀ ni ó gbà á, tí ó sì ká a sórí àga láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Dáwódù tẹ aṣọ mọ́ ìrọ̀rí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́: ó ń lọ lábẹ́ àga bí ẹsẹ̀ aránṣọ lórí maṣíìnì.

"Káàdì yẹ́lò," ni Bàbá wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹsẹ̀ rẹ ti dé títì."

"Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀," ni Nọ́ọ̀sì sọ fún Dáwódù. "Ohunkóhun. Ohùn yín ni kí ó máa gbọ́."

"Kí ni kí n máa sọ?"

"Ohun tí ẹ máa ń sọ fún ẹni tí iná ká mọ́."

Dáwódù ronú. "Mo máa ń sọ pé mò ń bọ̀."

"Ẹ ti dé nísinsìnyí. Ẹ wá òmíràn."


15

Ì K É D E
(Bàbá sọ ọ́, Àbígbẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ)

ẸNI TÍ Ó WÀ NÍNÚ

KÍ Ó JÓKÒÓ


ẸNI TÍ Ó WÀ NÍTA

KÍ Ó KAN ILẸ̀KÙN

KÍ Ó SÌ DÚRÓ

Àbígbẹ̀yìn tún un tẹ̀ nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́ tán, nítorí pé nínú èyí tí ó kọ́kọ́ tẹ̀, ó ti fi ọ̀rọ̀ náà, DÚRÓ, sílẹ̀. Kò ṣèèṣì. Ó kàn fẹ́ wò ó bí yóò ti rí.


16

*(Láti ọ̀dọ̀ Dáwódù, tí ó ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, sí Àbígbẹ̀yìn níbi iṣẹ́ tirẹ̀.)*

— Ó jẹun.

— Mo ti pààrọ̀ báńdéèjì. Kò lẹ̀. Ó ní báńdéèjì mi dà bí láwàní àlùfáà tó ń sáré.

— Ó bi mí bóyá ó ń rùn. Mo ní ó ń rùn. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

— Ó ń sùn.

— Ẹsẹ̀ mi ò gbọ̀n lónìí.

— Má bínú sí mi.

Àbígbẹ̀yìn kọ ìdáhùn sí èyí ìkẹyìn. Ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Ó pa á rẹ́.


17

Ọ̀sán ni nígbà tí ó padà dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tutù. Ìyá Kékeré jókòó sórí àga gígùn tí ó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, kò sì ṣe nǹkan kan. Àbígbẹ̀yìn kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

"Kí ló dé, mà?"

"N kò mọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ ń jiyàn. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ ti Bàbá rẹ mọ́."

"Ẹ kàn án?"

"Mo kàn án."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ìyá Kékeré na ìka sí ilẹ̀kùn.

Àbígbẹ̀yìn fi etí lélẹ̀. Ohùn Dáwódù ni, ó lọ sílẹ̀, ó ń lọ láìdúró, bí omi tí ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìtàn tí a ń sọ fún ẹni tí ó ń sùn. Ènìyàn a máa gbàgbé ara rẹ̀ nínú ìtàn. Ó dúró de ibi tí Bàbá yóò ti dá sí i, kí ó ní irọ́ ni, kí ó ní káàdì. Kò gbọ́ ọ. Àga kankan kò dún nínú yàrá náà. Ẹsẹ̀ kankan kò rìn.

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ìdìmú ilẹ̀kùn. Irin náà tutù. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, yóò mọ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, bóyá ẹni tí ó jókòó yóò yí ojú kúrò lára ẹni tí ó yẹ kí ó máa wò.

Ó mú ọwọ́ kúrò.

Ó kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́.

Ohùn náà kò dúró. Kò yára sí i, kò falẹ̀.

Ìyá Kékeré sún lórí àga. Ó fi ọwọ́ gbá ibi tí ó ṣí sílẹ̀.


18

"Jókòó," ni ó wí.


19

Àbígbẹ̀yìn jókòó, ó ń dúró.